Ògbóǹtarìgì, àgbà ọ̀jẹ̀ tàbí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́: èwo ló yẹ ẹni tó mọṣẹ́?

Ṣé kò sí ọ̀rọ̀ kan péré tí Yorùbá fi ń pe ẹni tó mọṣẹ́ kọjá ẹgbẹ́ rẹ̀ ni?

Ọ̀rọ̀ pọ̀, àmọ́ kò sí èyí tó lè dípò gbogbo wọn. Ẹni tó bá fẹ́ yin oníṣẹ́ kan nínú ìwé sábà máa ń mú èyí tó bá kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń sọ ibi tí ìmọ̀ náà ti wá: òmíràn ń sọ pé onítọ̀hún kọ́ ọ, òmíràn pé ó bá a wáyé ni, òmíràn sì ń sọ pé ó ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí a bá ṣi ọ̀kan mú, ohun tí ẹni náà kò ní la fi yìn ín yẹn.

Kí ló wà nínú "akọ́ṣẹ́mọṣẹ́"?

Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ló wà níbẹ̀, bí wọ́n sì ṣe tẹ̀ léra kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré: onítọ̀hún kọ́ iṣẹ́, ó sì mọ iṣẹ́. Ẹni tó lo ọdún mẹ́ta lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n ṣe kò tíì jẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, ẹni tó sì mọ̀ ọ́n ṣe láìkọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, orúkọ mìíràn la óò wá fún un. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi bá dókítà, agbẹjọ́rò àti télọ̀ mu bákan náà, nítorí pé gbogbo wọn ló ní ọ̀gá tàbí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti gba iṣẹ́. Kí a má ṣe wò ó bí "akọ́mọlédè" o, nítorí "mọ" tó wà nínú ìyẹn kì í ṣe mímọ̀ rárá. Ọmọ ni, ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní èdè.

Kí ló dé tí ìwé ìròyìn ń pe olè ní "ògbóǹtarìgì"?

Nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò bìkítà nípa ìwà. Ohun tó ń wọ̀n ni bí èèyàn ṣe jinlẹ̀ tó nínú ohun tó ń ṣe, ìbáà jẹ́ rere tàbí ibi, nípa bẹ́ẹ̀ ògbóǹtarìgì oníṣègùn wà, ògbóǹtarìgì gbájúẹ̀ náà sì wà. Èmi kò rí àléébù nínú èyí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó ní ibi ìsìnkú tàbí ìwúyè fi orúkọ iṣẹ́ tì í lẹ́yìn kíákíá. Bí alága bá dìde tó ní "ògbóǹtarìgì ni bàbá yìí", tó wá dákẹ́ láti mu omi, ojú àwọn ọmọ bàbá lè kọ́kọ́ fà ro.

Ǹjẹ́ ọ̀dọ́ lè jẹ́ "àgbà ọ̀jẹ̀"?

Ní tèmi, kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí eégún ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá: àwọn ọ̀jẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe awo eégún, ìdílé wọn ló sì ń sọ ọmọ ní Ọ̀jẹ́wálé tàbí Ọ̀jẹ́níyì. Àgbà láàárín wọn ti mọ bí a ti ń wọ agọ̀, bí a ti ń pa iwì, bí a sì ti ń bo àṣírí, kì í sì í ṣe ọjọ́ kan ló fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tí a bá wá pe òṣèré kan ní àgbà ọ̀jẹ̀ lónìí, ọdún tó ti lò lẹ́nu iṣẹ́ wà nínú ìyìn náà. Ọmọ ogún ọdún lè mọ eré ṣe ju bàbá rẹ̀ lọ, ẹ pè é ní òṣèré dáńtọ́ tàbí ọ̀jáfáfá, ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà yẹn gan-an ni àgbà ọ̀jẹ̀ ń tọ́ka sí.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n" àti "ọ̀mọ̀wé" ńkọ́?

Ọgbọ́n ló wà nínú àkọ́kọ́, ìwé ló wà nínú èkejì, àmọ́ yunifásítì ti gba àwọn méjèèjì mọ́ wa lọ́wọ́. Lónìí, ọ̀jọ̀gbọ́n ni ẹni tó dé ipò tó ga jù láàárín olùkọ́ yunifásítì, ọ̀mọ̀wé sì ni ẹni tó gboyè dókítà nínú ẹ̀kọ́, débi pé bí a bá pe ọlọ́gbọ́n tí kò wọ yunifásítì ní ọ̀jọ̀gbọ́n, wọn yóò béèrè ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń kọ́ni.

Ẹ wo Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀-Èkìtì, tó kú ní 1938. Ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, ó sì gbẹ́ àwòrán ọba tó jókòó sí i lára, tí wọ́n gbé aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rù wá bá a. Àwọn ère náà kò lẹ̀ pẹ́típẹ́tí mọ́ pákó. Wọ́n yọ síta débi pé orí àwọn kan yí síhà ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wò wọ́n. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá tó wáyé ní Wembley, nílùú Lọ́ńdọ̀nù, ní 1924, àwọn ará ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀ sì fẹ́ ẹ débi tí wọ́n fi fún Ògògà ní ìtẹ́ ọba tuntun ní pàṣípààrọ̀. Ọ̀mọ̀wé kọ́ ni Ọlọ́wẹ̀, kò sì gba oyè ọ̀jọ̀gbọ́n. Àgbà agbẹ́gilére ni, orúkọ yìí kò sì kéré sí àwọn tó kù.

Kí la ń pe ẹni tí ẹ̀bùn rẹ̀ kọjá ẹ̀kọ́?

A máa ń sọ pé ẹ̀bùn àbínibí ni, tàbí pé àmútọ̀runwá ni, ọ̀rọ̀ kan náà tí a ń lò fún orúkọ bíi Ìgè àti Dàda, tí ọmọ gbé wáyé. "Àkàndá" náà wà, ẹni tí Ẹlẹ́dàá mọ̀ọ́mọ̀ dá lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbẹ̀: "àkàndá ẹ̀dá" ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìròyìn ń lò nísinsìnyí fún àwọn tó ní ìpèníjà ara. Bí ẹ bá kọ ọ́ nípa olórin kan láìṣàlàyé, òǹkàwé lè gbà á sí ọ̀nà yẹn.

Ṣé gbajúmọ̀ náà kò wọ inú ẹgbẹ́ yìí?

Kò wọ̀ ọ́. Gbajúmọ̀ àti ìlúmọ̀ọ́ká ń sọ iye ojú tó mọ èèyàn, wọn kò sọ ohun tí èèyàn náà mọ̀.

Bí kò bá sí èyí tó bá a mu nínú gbogbo wọn?

Ẹ fi orúkọ sílẹ̀, kí ẹ sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe, nítorí ibẹ̀ gan-an ni èdè wa ti lówó lọ́wọ́ jù. Ẹ wo onílù tó gbé gángan há abíyá, tí kò wo awọ, tí kò wo ọ̀pá, tó ń bá ẹni tó jókòó tì í sọ̀rọ̀, síbẹ̀ tí ìlù ń ki ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní oríkì láìṣi ohùn kan. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáká. Ó mọ ìlù bí ẹni mowó. Bí ó bá wá fi ìlù náà pa àṣàmọ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ kò kọ́ ọ rí, a kò ní ọ̀rọ̀-orúkọ kankan í wá mọ́: ó ti ń dárà.