Bí Dráyà Bá Ń Yí Tí Aṣọ Kò Gbẹ

Nígbà òtútù tó kọjá, ìyá kan pè mí pé dráyà àwọn ti kú, wọ́n sì ti ń béèrè iye tí wọ́n ń ta tuntun. Nígbà tí mo débẹ̀, ẹ̀rọ náà ń yí, ó sì ń gbóná, ṣùgbọ́n àwọn táwẹ́ẹ̀lì tó ti wà nínú rẹ̀ láti wákàtí méjì sẹ́yìn ṣì tutù rinrin. Mo fa ẹ̀rọ náà kúrò lára ògiri, mo tú páìpù tó ń gbé atẹ́gùn gbígbóná jáde síta, mo sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ̀n òwú aláwọ̀ eérú tó ti rin, tó dì mọ́ra bíi tìmùtìmù, ni mo ń fà yọ títí ó fi kún korobá kan. Nígbà tí mo dá páìpù padà, táwẹ́ẹ̀lì gbẹ kí wákàtí kan tó pé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń lo dráyà oníná ní Amẹ́ríkà níbí mọ̀ ni pé ooru nìkan kọ́ ló ń mú aṣọ gbẹ. Atẹ́gùn ló ń gbé omi inú aṣọ jáde, bí kò bá sì rọ́nà, ọ̀rinrin náà yóò kàn máa bá aṣọ yí ni. Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ tan ẹ̀rọ náà, ẹ lọ síta, kí ẹ sì gbé ọwọ́ sí ẹnu páìpù lára ògiri. Bí atẹ́gùn ibẹ̀ kò bá lágbára, páìpù ti dí tàbí ó ti ká lẹ́yìn ẹ̀rọ. Bí ó bá jẹ́ páìpù oníke, ẹ yọ ọ́ dànù, kí ẹ fi ti irin líle tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 4 rọ́pò rẹ̀.

Ẹ máa ko ẹ̀gbọ̀n òwú kúrò lójú asẹ́ inú ẹ̀rọ náà lẹ́yìn gbogbo ìlò. Bébà olóòórùn dídùn tí àwọn kan ń fi sáàárín aṣọ máa ń fi ọ̀rá sílẹ̀ lójú asẹ́, tí ojú kò ní rí i. Ẹ da omi sí asẹ́ náà. Bí omi bá dúró lórí rẹ̀ tí kò jò, ẹ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Ọ̀rá yìí kan náà máa ń bo irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí ẹ̀rọ fi ń mọ̀ bóyá aṣọ ti gbẹ, ẹ̀rọ á sì dákẹ́ nígbà tí aṣọ ṣì tutù. Ẹ fi sípírítì díẹ̀ nù wọ́n.

Bí ó bá ń yí tí kò gbóná rárá, ẹ kọ́kọ́ wo bíríkà, ìyẹn ohun tó ń gé iná ẹ̀rọ náà bí ìṣòro bá wà. Ọ̀nà méjì ni iná fóltì 240 ń gbà wọ dráyà. Ọ̀nà kan, tí í ṣe fóltì 120, tó láti yí i, ṣùgbọ́n wáyà tó ń gbóná kò lè ṣiṣẹ́ láìsí méjèèjì. Ẹ pa bíríkà náà pátápátá, kí ẹ tún tan án. Bí ó bá tún gé iná, ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ pe oníná.

Lẹ́yìn bíríkà, fíúsì ooru ló kàn. Owó kékeré ni wọ́n ń tà á, ó sì máa ń jó nígbà tí ẹ̀rọ bá gbóná kọjá ààlà. Inú mi máa ń bàjẹ́ púpọ̀ bí mo bá ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ tí mo rí i pé ẹnìkan ti yọ fíúsì yìí, tó so wáyà méjèèjì pọ̀ ní dárẹ́ẹ̀tì, nítorí fíúsì yẹn ló dúró láàárín ẹ̀gbọ̀n òwú àti iná tó lè jó ilé. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wá ibi tí atẹ́gùn ti dí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tuntun náà yóò jó.

Bí ẹ bá ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì tí ẹ̀rọ kò sì yí, ẹ fi ọwọ́ yí ibi tí aṣọ ń wà nínú rẹ̀. Bí ó bá fúyẹ́ jù, bẹ́líìtì ló já. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná kí ẹ tó ṣí i. Ní ti dráyà onígáàsì, bí ẹ bá gbóòórùn gáàsì, ẹ má tan nǹkan kan, ẹ má sì pa nǹkan kan; ẹ kó gbogbo ará ilé jáde, kí ẹ tó pe ilé iṣẹ́ gáàsì láti ìta.