"Tíìmù tó bá ń na èèyàn, wọn kì í fọwọ́ kàn án": ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

Wákàtí kan kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ní viewing center tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Kubwa níbí, ìgbà tí lain-ọ̀p, ìyẹn orúkọ àwọn tó máa bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù, bá jáde lórí fóònù nìyẹn. Ẹnì kan á kàn pariwo pé "Wọ́n tún ti gbé e sí bẹ́ǹṣì!", ẹlòmíì á ṣí fìlà sọ mọ́lẹ̀, mallam tó ń po tíì tó ń dín ẹyin lẹ́nu ọ̀nà á yọjú wọlé pé kí ló ṣẹlẹ̀, wọ́n á ní kóòṣì ti ya wèrè ni. Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń gbọ́ jù ni pé tíìmù tó bá ń na èèyàn, wọn kì í fọwọ́ kàn án. Èyí tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé ṣebí owó gọbọi ni wọ́n ń san fún àwọn àgbábọ́ọ̀lù yẹn lọ́sẹ̀, kí ló wá ń rẹ̀ wọ́n? Ẹni tó ń ti báró nínú ọjà Wúsè látàárọ̀ ò sinmi, ẹni tó ń gba mílíọ̀nù ló ń wá ìsinmi.

Kí n má parọ́, èmi náà wà lára àwọn tó ń pariwo yẹn fún ọdún tó pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kúrò ní Yúróòpù ná ká wá sí monkey post. Ẹni tó bá ti gbá sétì rí mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Sétì mẹ́rin, èèyàn márùn-ún márùn-ún, gọ́ọ̀lù kan tàbí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹni tó bá na ẹnì kejì á dúró, ẹni tí wọ́n nà á lọ jókòó. Ní Sátidé kan nínú ọyẹ́, eruku ń sọ lálá, sétì tiwa na àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kù tẹ̀ léra wọn, ariwo wa pọ̀ lórí pápá débi pé àwọn tó ń kọjá lọ ń dúró wò wá. Àwọn tí a kọ́kọ́ nà ló tún padà wọlé. Wọ́n ti jókòó fún bí ìṣẹ́jú ogún, wọ́n ti mu piọ́wọ́tà, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ti sùn díẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Ìṣẹ́jú kejì ni wọ́n jẹ gọ́ọ̀lù, ọ̀dọ̀ mi sì ni bọ́ọ̀lù ọ̀hún gbà kọjá. Ojú mi rí i, ọkàn mi ti débẹ̀, ẹsẹ̀ ni ò tẹ̀ lé mi. Àwọn tí a nà ní aago méje ló na wa kí aago mẹ́jọ tó lù, kò sì sẹ́ni tó kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù láàrin ìgbà yẹn. Àwa la lágbára jù ní aago méje, nígbà tó fi máa di aago mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Tẹ́ ẹ bá ní "tíìmù tó lágbára jù", ìbéèrè tó yẹ kó tẹ̀ lé e ni pé, lọ́jọ́ wo?

Ẹnì kan á ní, ṣùgbọ́n àwọn tí mò ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n yẹn ń sáré dáadáa, mi ò rí ohun tó jọ pé ó rẹ̀ wọ́n. Ibi tí irọ́ yẹn ti ń wọlé gan-an nìyẹn o. Wọ́n ṣe ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2010 lórí àwọn àgbábọ́ọ̀lù tíìmù ńlá kan tó ń gbá Champions League, wọ́n wo ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan àti ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbá a lẹ́ẹ̀méjì. Bí wọ́n ṣe sáré jìnnà tó àti bí wọ́n ṣe yára tó, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ní ti ìfarapa, ó fi 4.1 sílẹ̀ ó di 25.6 fún wákàtí 1,000 kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ti lé díẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́fà. Ẹsẹ̀ ṣì ń sáré, àmọ́ iṣan ẹ̀yìn itan ti fẹ́ já, ojú ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n ò sì lè rí ìyẹn. Agbára tí ara ń kó pamọ́ sínú iṣan láti inú ìrẹsì àti iṣu tí èèyàn jẹ, ó máa ń tó wákàtí 48 sí 72 kó tó kún padà lẹ́yìn bọ́ọ̀lù tó le, ẹni tó sì gbá bọ́ọ̀lù ní alẹ́ Wẹ́sìdé tó tún máa gbá ní ọ̀sán Sátidé, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá tó ni viewing center wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ti pẹ́ nílẹ̀ Hausa yìí, òun ló ń pariwo jù nípa bẹ́ǹṣì. Jẹnẹrétọ̀ méjì ló ní. Tí NEPA bá mú iná lọ láti bọ́ọ̀lù ọ̀sán títí di alẹ́, àkókò ìsinmi ni yóò pa ọ̀kan tí yóò tan èkejì, bẹ́ẹ̀ èyí tó ń pa yẹn ló dùn jù, òun ni kì í pariwo. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ẹ pa èyí tó dáa? Ó ní, "Ó ti gbóná." Ó sì padà wọlé lọ bú kóòṣì.

Àwọn tó mọ ìtàn á wá fa Aston Villa yọ. Ní 1980/81, Villa gba líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àgbábọ́ọ̀lù 14 péré, méje nínú wọn gbá gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 42 láìsinmi ọ̀kan. Òótọ́ ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ṣe ipò kejì. Ipswich na Villa lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní sáà yẹn, lẹ́ẹ̀méjì ní líìgì, lẹ́ẹ̀kan ní FA Cup, wọ́n ò jẹ́ kí Villa rí wọn nà rárá. Síbẹ̀ Villa ló gbé ife. Kí ló dé? Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 66 ni Ipswich gbá lọ́dún yẹn, wọ́n gba UEFA Cup ti Yúróòpù, wọ́n dé semi-final FA Cup, ẹsẹ̀ wọn sì ti di òkúta nígbà tí líìgì fẹ́ parí. Villa ní tiwọn ò sí ní Yúróòpù, ìpele kẹta ni Ipswich ti lé wọn kúrò nínú FA Cup, ìyẹn ni pé Ipswich fúnra wọn ló fún Villa nísinmi! Lọ́jọ́ tí líìgì parí Arsenal na Villa 2-0, wọ́n ṣì gbé ife lọ sílé, torí pé Middlesbrough na Ipswich lọ́jọ́ kan náà. Leicester 2016 náà rèé, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 43 péré ni gbogbo ẹ̀, kò sí Yúróòpù, wọ́n tètè jáde nínú ife méjèèjì. Ẹni tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lè gbé ojú kan náà jáde títí dé May, kò sẹ́ni tó máa bá a wí. Àwọn tó ń fi Villa àti Leicester ṣe ẹ̀rí, wọn kì í ka iye bọ́ọ̀lù yẹn mọ́ ọn.

Manchester United 1999 ló yé mi jù. 14 oṣù kẹrin, semi-final FA Cup ní Villa Park, Arsenal ni wọ́n ń bá ṣe àtúngbá, Juventus sì ń dúró dè wọ́n ní Turin lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e nínú semi-final Champions League. Ferguson, kóòṣì wọn, gbé Giggs, Scholes àti Yorke sórí bẹ́ǹṣì. Ẹ sáà ro irú ariwo tí ìyẹn ì bá dá sílẹ̀ ní Kubwa. Wọ́n lé Keane jáde, ó ku èèyàn mẹ́wàá, ó di àfikún àkókò, gbogbo èèyàn ti rẹ̀ pátápátá. Giggs tó wọlé láti bẹ́ǹṣì ló gba bọ́ọ̀lù tí Vieira gbá sọnù, ó gbé e láti ìdajì pápá tiwọn, ó là wọ́n kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì lù ú sókè nínú àwọ̀n. Ẹsẹ̀ tútù ni. Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n na Juventus 3-2 nílé wọn. Nígbà tó di final ní 26 oṣù karùn-ún ní Barcelona, Bayern ló ń gbé ife lọ títí di ìṣẹ́jú 90, Sheringham àti Solskjaer ló jẹ gọ́ọ̀lù méjèèjì, àwọn méjèèjì, bẹ́ǹṣì ni wọ́n ti dìde. Real Madrid ti Zidane ní 2017 náà ṣe irú ẹ̀, wọ́n ń fún Ronaldo nísinmi ní líìgì, àwọn kan ń bínú, láti quarter-final dé final ó jẹ gọ́ọ̀lù mẹ́wàá nínú Champions League, wọ́n sì gba líìgì náà mọ́ ọn.

Ní ilé wa ńkọ́? Ẹ rántí 11 oṣù kejì 2024, final AFCON. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ojú kan náà ni Peseiro, kóòṣì wa nígbà náà, ń gbé jáde fún wa ṣáá. Haller àti Adingra ti Ivory Coast ò gbá bọ́ọ̀lù kankan ní group torí wọ́n fara pa. Ní final yẹn, Adingra ló fi gọ́ọ̀lù méjèèjì tí wọ́n fi nà wá 2-1 ránṣẹ́, Haller ló sì gbá ìkejì wọlé. Mi ò ní pe ìyẹn ní ọgbọ́n kóòṣì o, ìfarapa ló bá wọn ṣe é. Àmọ́ ẹsẹ̀ tútù ò mọ ẹni tó fún un nísinmi.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń pààrọ̀ èèyàn ló mọ ohun tó ń ṣe, ẹ má fi mí ṣe agbẹjọ́rò àwọn kóòṣì. Ní oṣù kẹjọ 2014, Manchester United yí tíìmù padà yán-án-yán-án lọ bá MK Dons, tíìmù kékeré kan, MK Dons sì lù wọ́n 4-0. Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ẹni mẹ́sàn-án, mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, tíìmù tuntun lẹ gbé lọ, àwọn tí ò tíì mọ ohùn ara wọn. Èyí tó bọ́gbọ́n mu ni èèyàn méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, kí wọ́n sì wá látinú àwọn tó ń sáré jù, àwọn tó ń gba ẹ̀gbẹ́ pápá àtàwọn atamátàsé. Aṣọ́lé àti àwọn méjì tó dúró síwájú ẹ̀ láàrin, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, wọn ò sáré tó àwọn yòókù, mímọ ara wọn ló sì ń gbà wọ́n. Tíìmù kékeré tí ò ní ìkejì náà ò lè máa yí i, ẹni tó ní àgbábọ́ọ̀lù gidi mẹ́tàlá péré, kí ló fẹ́ yí? Ẹ wo àwọn tíìmù líìgì tiwa níbí, tó jẹ́ pé bọ́ọ̀sì ló ń gbé wọn láti òkè ọya lọ sí gúúsù, wọ́n á jókòó gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n fún odindi ọjọ́, ìsinmi wù wọ́n, ta ló máa rọ́pò wọn?

Láti 2020 tí wọ́n ti ń jẹ́ kí tíìmù pààrọ̀ èèyàn márùn-ún dípò mẹ́ta, tí Premier League náà sì gbà á wọlé pátápátá ní 2022/23, ọ̀rọ̀ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ò tiẹ̀ wúwo bíi tàtijọ́ mọ́. Ìdajì àwọn tó ń sáré ló lè yí padà kí fèrè ìparí tó dún.

Nísinsìnyí tí lain-ọ̀p bá jáde, ohun méjì ni mo máa ń wò: ọjọ́ mélòó ló wà láàrin bọ́ọ̀lù yìí àti èyí tó kọjá, àti pé ṣé àwọn tó wà lẹ́yìn ṣì ni wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn mo máa ń wo ẹni tó ń pariwo jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó ti ta tẹ́tẹ́ lórí pé atamátàsé yẹn á jẹ gọ́ọ̀lù, tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ló já.