Ẹ Jẹ́ Kí Plug-in Tí Ẹ Ò Lò Máa Sùn

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé láptọ́ọ̀pù wá bá mi ní sítúdíò. Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gé ohùn, ló fi máa ń gé ìwàásù fún ìjọ wọn kí wọ́n tó gbé e lọ sí rédíò ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí. Audacity yìí kì í fẹ́ ṣí mọ́. Bó bá sì ṣí, kì í pẹ́ tó fi ń kú." Mo ní kó fi fódà tó kó plug-in, ìyẹn àwọn ètò àfikún, sí hàn mí. A kà wọ́n, wọ́n jẹ́ 240. Mo bi í pé mélòó ló ń lò nínú wọn. Ó fi ìka kà á: mẹ́ta. Ta ló wá kó ìyókù síbẹ̀? Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló fi fláàṣì kó wọn fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀pọ̀ àwa tó ń ṣiṣẹ́ ohùn ló ń kó plug-in jọ bí ẹni ń kó aṣọ ẹbí jọ. Èyí tó ṣì wọ̀ wá wà ńbẹ̀, èyí tí a ò ní wọ̀ mọ́ láé náà wà ńbẹ̀, àpótí ò sì ṣeé pa dé mọ́.

Plug-in ni ètò kékeré tí a ń so mọ́ ètò ńlá tí a fi ń gé ohùn, kó lè bá a ṣe iṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n ṣe, tàbí tí kò mọ̀ ọ́n ṣe tó bí a ṣe fẹ́. Ọ̀kan á mú ariwo jẹnẹrétọ̀ kúrò lẹ́yìn ọ̀rọ̀, òmíràn á jẹ́ kí ohùn dún bíi pé inú gbọ̀ngàn ńlá la ti sọ̀rọ̀. Oríṣiríṣi ni wọ́n. Steinberg, ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì, gbé irú kan tí wọ́n ń pè ní VST jáde ní 1996, VST3 sì dé ní 2008. Apple ní tirẹ̀, Audio Unit, tí kì í ṣiṣẹ́ lórí Windows rárá. Àwọn tó ń lo Linux ní LADSPA àti LV2. Nyquist tún wà, iṣẹ́ ọwọ́ Roger Dannenberg, ẹni tí òun àti Dominic Mazzoni jọ bẹ̀rẹ̀ Audacity ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà ní 1999.

Ohun tó kàn yín níbẹ̀ ni pé plug-in kan ṣoṣo lè wọ kọ̀ǹpútà yín lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ní VST, ní VST3, ní Audio Unit. Orúkọ kan náà á wá jókòó síbi mẹ́ta nínú mẹ́nù, ẹ ò sì ní mọ èwo lẹ lò lánàá. Láti ìgbà tí Audacity 3.2 ti jáde ní 2022 ló ti ń gba VST3. Òun ni kí ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ fi ti àtijọ́ sùn. Ẹ má ì tíì yọ ọ́ dànù o, torí iṣẹ́ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí ẹ fi ṣe á máa wá a bí ẹ bá tún iṣẹ́ náà ṣí.

Fífi í sùn ò le. Nínú Audacity, ẹ lọ sí Tools, ẹ tẹ Plugin Manager. Gbogbo wọn á tò síbẹ̀, ẹ ó sì yan èyí tó máa hàn àti èyí tí kò ní hàn. Kò sí ohun tó kúrò lórí kọ̀ǹpútà, mẹ́nù nìkan ló fúyẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Preferences, ní abẹ́ Effects, kí ẹ yan bó ṣe máa tò wọ́n: nípa orúkọ, nípa ẹni tó ṣe é, tàbí nípa irú tó jẹ́. Èmi máa ń tò ó nípa ẹni tó ṣe é, torí ó ti mọ́ mi lára. Ẹni tó bá ń lo REAPER, ètò ohùn mìíràn, rí jẹ jù mí lọ níbí: ó lè dá fódà tirẹ̀ sílẹ̀ nínú ibi tí wọ́n ti ń yan plug-in, kó pe ọ̀kan ní "Ìwàásù", kó pe ìkejì ní "Orin", kó sì kó ohun tó bá wù ú sínú wọn. Ó wù mí kí gbogbo ètò ohùn ní irú rẹ̀, kí wọ́n sì máa sọ fún wa ìgbà tí a lo plug-in kọ̀ọ̀kan gbẹ̀yìn.

Mélòó ló tó fún ẹni tó ń gé ọ̀rọ̀ ẹnu? Márùn-ún ni tèmi: èyí tó ń mú ariwo kúrò, èyí tó ń tún ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ṣe, compressor tó ń mú ohùn líle àti ohùn jẹ́jẹ́ sún mọ́ra, limiter tí kì í jẹ́ kí ohùn kọjá òdiwọ̀n, àti èyí tó ń rẹ ìsúfèé inú "s" sílẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tó gbẹ̀yìn yẹn bí Yorùbá lẹ bá ń gé. Bí ẹ bá fi tẹ̀ ẹ́ jù, "s" á máa dún bí "ṣ". Mo ti gbọ́ àdúrà kan tí wọ́n gé báyìí. "Ara yín á sàn" ni ẹni náà sọ, "ara yín á ṣàn" ni rédíò ń sọ fún wa.

Ká padà sórí láptọ́ọ̀pù tó ń kú. Lórí Windows, inú C:\Program Files\Common Files\VST3 ni VST3 sábà máa ń wà. A dá fódà tuntun sílẹ̀, a sọ ọ́ ní "Ibùsùn". A kó 120 lọ síbẹ̀, a ṣí Audacity. Ó kú. Ó hàn gbangba pé inú 120 tó kù ni ọ̀daràn wà. A tún kó 60 kúrò, a tún ṣí i. Lọ́tẹ̀ yìí kò kú, a sì mọ̀ pé inú 60 tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ló sá sí. Bí a ṣe ń pín in sí méjì nìyẹn, títí ó fi ku ẹyọ kan. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ péré ni. Ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan la fẹ́ máa dán wò ni, ilẹ̀ ì bá ṣú bá wa. Plug-in gìtá kan ni, ohun tí ọmọ yìí ò fọwọ́ kàn rí láyé rẹ̀. Èyí tí wọ́n já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kí wọ́n lè lò ó láìsanwó ni, bíi púpọ̀ nínú ẹrù ọ̀rẹ́ rẹ̀. Gbogbo irú ìyẹn la pa rẹ́, torí ẹni tó já kọ́kọ́rọ́ lè ti fi kòkòrò sínú ilé.

Bí plug-in tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi síbẹ̀ ò bá hàn rárá, ẹ wò ó bóyá ti 32-bit, irú ti àtijọ́, ni, tí ètò yín sì jẹ́ 64-bit. Audacity ò ní gbà á. Ẹ sì tẹ Rescan kí ẹ tó sọ pé ó bàjẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ kó ohùn náà jáde bíi fáìlì ohùn WAV lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe é tán, torí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lè má ní plug-in tí ẹ lò. Mo máa ń kọ orúkọ plug-in àti ìwọ̀n tí mo fi sí sínú ìwé pẹlẹbẹ kan, mo sì ń fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ náà.

Nígbà tí ọmọ náà máa lọ, plug-in mẹ́fà ló hàn nínú mẹ́nù rẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà kó tó pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti jí ẹyọ kan lójú oorun. Ó wúlò fún orin àwọn akọrin wa."