Fóònù yín kò rí wáìfáì ilé: kì í ṣe dandan pé fóònù ló bàjẹ́

"Fóònù gbogbo ará ilé ń wọlé, tìrẹ nìkan ni kò wọlé. Tìrẹ ló ti bàjẹ́." Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ń sọ fún àwọn tó ra fóònù tòkunbọ̀, ó sì ń bí mi nínú, torí ó ń mú wọn náwó sórí ohun tí kò bàjẹ́.

Orí ìgbì rédíò 2.4 GHz tàbí 5 GHz ni wáìfáì ilé sábà máa ń wà. Pé fóònù tí kò ní 5 GHz kò lè rí wáìfáì 5 GHz, ìyẹn ò nílò àlàyé. Ti channel, ìyẹn ojú ọ̀nà tí rọ́tà ń lò lórí ìgbì náà, ni wọn kì í sọ. Lórí 2.4 GHz, láti 1 ni wọ́n ti ń ka channel lọ sókè. Ní Amẹ́ríkà, orí 11 ni wọ́n sábà máa ń dúró sí. Ní Yúróòpù, wọ́n ń lò ó dé 13, ọ̀pọ̀ rọ́tà ọjà wa náà sì ń dé ibẹ̀. Rọ́tà tó bá wà lórí Auto, òun fúnra rẹ̀ ló ń wá ibi tí èrò kò pọ̀ sí. Bó bá bọ́ sí 12 tàbí 13, fóònù tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà lè má rí i rárá. Kò ní sọ pé password kò tọ̀nà o. Orúkọ wáìfáì gan-an ni kò ní hàn. Bí iná bá lọ tó tún dé, rọ́tà lè bọ́ sí 6, orúkọ á sì yọ. Ohun tó ń jẹ́ kó ṣe é lónìí, kó má ṣe é lọ́la nìyẹn, tí oníṣẹ́ fóònù á fi ní IC wáìfáì (ègé kékeré tó ń gba wáìfáì nínú fóònù) ló ń kú lọ.

Kì í ṣe gbogbo fóònù ọjà Amẹ́ríkà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń wo SIM tàbí rọ́tà láti mọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n wà, wọ́n á sì ṣí 12 àti 13 fúnra wọn. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ tan hotspot lórí fóònù mìíràn, ẹ fi sí 2.4 GHz. Bí tiyín bá wọlé tí kò sì já, ó ṣòro láti gbà pé IC ti kú. Kí ẹ wá wọ inú rọ́tà. Àdírẹ́sì rẹ̀ wà lára sítíkà abẹ́ rẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1. Ní Wireless, ẹ mú channel kúrò ní Auto, ẹ fi sí 1, 6 tàbí 11, kí width (fífẹ̀ channel) jẹ́ 20 MHz, ẹ sì tẹ Save.

Bí orúkọ bá hàn tí kò sì jẹ́ kí ẹ wọlé, ẹ wo Security. Android 10 ti ọdún 2019 ni Android ti bẹ̀rẹ̀ WPA3, irú ààbò wáìfáì tó tuntun ju WPA2 lọ. WPA2 ni kí ẹ fi sí fún fóònù tó ti pẹ́.

Ta ló wá jẹ̀bi? Mi ò rò pé ẹnì kan ṣoṣo ni. Ilé iṣẹ́ fóònù tẹ̀ lé òfin ọjà tó ṣe é fún. Ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà lẹ́bi bó bá jẹ́ pé àwọn ló ti rọ́tà pa, tí ẹ ò lè yí channel. Ẹni tó ta fóònù ni mo rò pé ẹ̀bi rẹ̀ pọ̀ jù, bí kò bá sọ ọjà tí fóònù ti wá.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní kí ẹ fi rọ́tà sí Open (tí kò ní password) tàbí WEP (ààbò àtijọ́) kí fóònù lè wọlé. Láti 2001 ni wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń já WEP, dátà yín ni aládùúgbò máa jẹ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sí bọ́ọ̀dù fóònù yín láti tún IC ṣe kí ẹ tó dán hotspot yẹn wò.