Ojú irin, títì àti ìṣípòpadà láti abúlé sí ìlú ní àríwá Nàìjíríà

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ará oko ti ń ṣí lọ sí àwọn ìlú ńlá àríwá Nàìjíríà bíi Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì, àti Àbújá tó dé kẹ́yìn. Àwọn kan ń lọ fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan, àwọn mìíràn ń kọ́lé síbẹ̀. Iṣẹ́ àti ọjà ló sábà máa ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n ó jọ pé ojú irin àti títì ló ń pinnu ibi tí wọ́n ń dúró sí. Àwọn Yorùbá wà lára àwọn tó lọ, pàápàá àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà àti Ìlọrin.

Ìgbà ojú irin

Ojú irin tó kúrò ní Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó gba Òṣogbo àti Ọ̀ffà kọjá, ó sì dé Jẹ́bà ní 1909. Wọ́n la òmíràn láti Bárò, èbúté kan létí Odò Ọya, lọ sí Kánò; iṣẹ́ ọ̀hún parí ní 1911. Mínnà ni méjèèjì ti pàdé. Òwú ni àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì ń retí pé ọkọ̀ ojú irin yóò máa kó. Ẹ̀pà ni àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò Kánò kó wá, nítorí pé owó tó wà nínú rẹ̀ yá ju ti òwú lọ, ìdílé sì lè jẹ ẹ́ bí ọjà kò bá tà.

Òwò ẹ̀pà yìí bí iṣẹ́ mìíràn: akọ̀wé, òṣìṣẹ́ rélùwéè, aláàárù, alájàpá. Àwọn àjèjì tó wá ṣe é kò gbé inú odi Kánò. Sábó Gàrí tí wọ́n tẹ̀ dó sí ẹ̀yìn odi láàárín 1911 sí 1913 ni ìjọba fi wọ́n sí, kò sì jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin. Àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀ffà tẹ̀ lé irin náà láti ibùdókọ̀ dé ibùdókọ̀, wọ́n ń ta aṣọ àti ọjà wẹ́wẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi àríwá ló ti ọwọ́ àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀. Ìrìn náà kì í ṣe apá kan: irin yìí kan náà ló gbé àwọn Hausa olóbì wá sí ilẹ̀ Yorùbá, Sábó Ìbàdàn (1916) sì jẹ́ ẹ̀rí rẹ̀.

Lórí òkè Jọ́ọ̀sì, ìwakùsà tin ló fa ojú irin kékeré tó ti Zaria dé Bukuru ní 1914. Kafanchan, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, ní tirẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìdí mìíràn tó fi di ìlú ju pé oríta ojú irin ni.

Kàdúná

Ìjọba amúnisìn ló tẹ Kàdúná dó láti fi ṣe olú ìlú àríwá. Ilé iṣẹ́ aṣọ híhun Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ ní 1957, àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, wọ́n sì gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ láti àwọn abúlé àyíká. Nígbà tí United Nigerian Textiles fi máa tilẹ̀kùn ní 2007, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó pàdánù iṣẹ́ kò padà sóko. Ọ̀kadà àti òwò kéékèèké ni púpọ̀ nínú wọn yà sí.

Àbújá

Ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Akínọlá Àgúdà darí ló dámọ̀ràn ibi tí Àbújá wà. Òfin tó dá a sílẹ̀ jáde ní oṣù Kejì 1976, ìjọba sì kó débẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991. Ní ìkànìyàn 1991, àwọn tó wà ní gbogbo agbègbè olú ìlú lé díẹ̀ ní 370,000. Ní 2006, wọ́n ti tó mílíọ̀nù 1.4. Àwọn ẹ̀yà Gbagyi wà lára àwọn tó ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀; ìjọba kọ́kọ́ pinnu láti kó gbogbo ará ibẹ̀ kúrò, kó tó yí ìpinnu náà padà.

Owó ilé ní Maitama, Asokoro àti Wuse ti ju agbára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti abúlé dé. Nyanya, Karu, Kubwa, Lugbe, àti Mararaba tí òun wà ní ìpínlẹ̀ Nasarawa, ni wọ́n ń gbé. Ẹ̀gbẹ́ títì tó wọ ìlú ni gbogbo wọn tò sí. Ọkọ̀ ojú irin inú ìlú tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, tó dúró ní 2020, tó sì tún bẹ̀rẹ̀ ní 2024, ń lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Kò dé Nyanya àti Mararaba, níbi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ti le jù láàárọ̀.

Ojú irin Àbújá sí Kàdúná (2016), tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 186, mú kí àwọn kan lè máa ṣiṣẹ́ ní Àbújá kí ìdílé wọn sì wà ní Kàdúná. Àwọn agbébọn kọlù ú ní oṣù Kẹta 2022, kò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ títí di oṣù Kejìlá ọdún náà.

Àwọn ìdí mìíràn

Ogun Boko Haram láti 2009 ti lé ọ̀pọ̀ ará oko Borno wọ Maiduguri. Ìsédò (dam) Tiga (1974) mú kí wọ́n lè dáko lẹ́ẹ̀rùn ní Kadawa, lẹ́bàá Kánò, ṣùgbọ́n omi tó ń ṣàn dé àwọn àbàtà Hadejia dín kù, èyí sì ṣe ìpalára fún àwọn àgbẹ̀ àti apẹja ibẹ̀.