Ibi tí logbook akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣẹ̀ wá

Bí o bá wọ ọ́fíìsì kan ní Abẹ́rẹ́ tàbí ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé kan ní Òkè-Fìà, l'Òṣogbo níbí, lásìkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà ní IT, ìyẹn ìgbà tí iléèwé ń rán wọn lọ kọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́, wàá rí ìwé pẹlẹbẹ kan lábẹ́ abíyá wọn. Logbook ni, ìwé tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ wọn sí. Àwọn tó pọ̀ nínú wọn ń kọ ọ́ bí ẹni ń san gbèsè, kí iléèwé sáà ti fún wọn ní máàkì. Ó dùn wá, torí ìwé ìrònú ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹṣin kan wà níbẹ̀. Ní 1860, Henri Fayol, ọmọ ọdún 19, gba iṣẹ́ ẹnjiníà níbi tí wọ́n ti ń wa èédú ní Commentry, ilẹ̀ Faransé. Ó máa ń kọ ohun tójú rẹ̀ bá rí sílẹ̀. Ní 1861 ó kọ ọ́ pé ẹsẹ̀ ẹṣin kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú kòtò kán. Òun fúnra rẹ̀ kọ̀wé pé kí wọ́n fún wọn ní òmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin kọ̀ jálẹ̀: ọ̀gá kò buwọ́ lùwé náà. Ọ̀gá kò sí nítòsí, kò sì fi ẹnikẹ́ni sípò ara rẹ̀. Ohun tí Fayol rí fà yọ ni pé àṣẹ kò gbọdọ̀ bá ọ̀gá rìnrìn àjò. Irú àkọsílẹ̀ báyìí wà lára ohun tó fi ronú kó tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìṣàkóso jáde ní 1916, níbi tó ti pín iṣẹ́ ọ̀gá sí márùn-ún: wíwo iwájú, títo ènìyàn àti ohun èlò, pípàṣẹ, síso iṣẹ́ pọ̀, àti yíyẹ iṣẹ́ wò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń há márààrún sórí títí dòní.

Rírán akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbi iṣẹ́ náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1906, Herman Schneider, olùkọ́ ẹnjiníà, mú akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà 27 ní Yunifásítì Cincinnati, Amẹ́ríkà, ó ní kí wọ́n máa lọ kíláàsì, kí wọ́n máa lọ fákítìrì, kí wọ́n máa fi méjèèjì gba ipò ara wọn. Ní Nàìjíríà, ìjọba dá ITF, àjọ tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, sílẹ̀ ní 1971. ITF bẹ̀rẹ̀ SIWES, ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ IT, ní 1973, torí àwọn agbanisíṣẹ́ ń ráhùn pé ìwé nìkan ni àwọn tó ń jáde mọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń lo oṣù 6, ti poli ń lo oṣù 4. Logbook sì tẹ̀ lé e.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ á fi ìwé náà sílẹ̀ fún oṣù méjì, á wá jókòó kọ gbogbo rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Alábòójútó tó bá wá láti iléèwé mọ̀ lójú ẹsẹ̀: bírò kan náà ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni ọ̀gá buwọ́ lù lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ohun tó burú jù ni pé òǹkà, aago àti orúkọ ohun èlò ti fò lọ lórí.

Ká mú ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé. «Lónìí a tẹ kàlẹ́ńdà» kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Wo èyí:

«Ìṣẹ́gun. Kàlẹ́ńdà 500. Pépà tán lẹ́yìn 320, aago 9:10. Páálí pépà wà ní yàrá ẹ̀yìn, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀gá, ọ̀gá lọ Ìlọrin. Ẹ̀rọ dúró títí di 11:40. Ènìyàn 3 jókòó. Èrò: ká ka pépà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń wa ẹ̀rọ.»

Wákàtí méjì ààbọ̀ lọ́nà ènìyàn mẹ́ta, wákàtí iṣẹ́ méje ààbọ̀ ló ṣòfò yẹn. Ọ̀rọ̀ ẹṣin Commentry náà ni, pépà ló kàn wà nídìí rẹ̀ báyìí.

Ìṣẹ́jú 15 kí o tó ṣíwọ́ ti tó láti kọ ọ́ lójoojúmọ́. Kọ aago, kọ iye, kọ ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí o wá fi Èrò sórí ìlà tirẹ̀ kó má bàa dàpọ̀ mọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ojú ewé tó wà fún àwòrán, má fi í sílẹ̀ lófìfo: ya yàrá náà, tábìlì, ilẹ̀kùn, kí o fi ọfà tọ ipa fáìlì kan láti tábìlì dé tábìlì, kí o ka iye ìbuwọ́lù tó gbà. Iṣẹ́ tó bá gba orí WhatsApp wọlé, kọ aago tó dé àti aago tí ẹnì kan dáhùn. Ibẹ̀ ni ìdádúró òde òní ń sá pamọ́ sí. Orúkọ oníbàárà, nọ́ńbà fóònù àti owó oṣù ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, kí ọ̀gá tó buwọ́ lù ú, ka Èrò náà sí i létí. Bó bá ní kọ́kọ́rọ́ kejì kò ṣeé ṣe, fi sùúrù béèrè ìdí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti jí páálí méjì rí. Kọ ìyẹn sábẹ́ Èrò rẹ, kí o wá ronú ọ̀nà mìíràn: kí wọ́n máa gbé pépà iṣẹ́ ọ̀la síta kí ọ̀gá tó ti yàrá.