Ìwé PHP àtijọ́ àti àwọn tó ní kóòdù kì í bàjẹ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbọ́ títí ó fi sú mi: pé ìwé tó ń kọ́ni ní PHP, èdè tí a fi ń kọ kóòdù fún ojú òpó íńtánẹ́ẹ̀tì, bó ti wù kó pẹ́ tó, ṣì wúlò, torí kóòdù kì í bàjẹ́. Bí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ bá tẹ ohun tó wà nínú ìwé gẹ́lẹ́ tí kò ṣiṣẹ́, wọ́n á ní òun ló ṣì í tẹ̀. Bóyá semicolon (;) ló gbàgbé. Bóyá kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni kò dáa. Ọmọ ọlọ́mọ á wá jókòó ti ojú ewé kan ṣoṣo títí ilẹ̀ á fi ṣú, á máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Pé PHP ń yí padà kì í ṣe ohun tó yẹ ká máa jiyàn lé lórí. Ọdún 1995 ni Rasmus Lerdorf gbé e síta. PHP 5 dé ní 2004, PHP 7 ní 2015, PHP 8 ní 2020. (Ẹ má wulẹ̀ wá PHP 6, wọn ò gbé e jáde rárá.) Ọdún tí wọ́n tẹ ìwé sì wà ní ewé ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí púpọ̀ nínú wa máa ń ṣí kọjá. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń di wàhálà ni orí tí ìwé bá ti fẹ́ fi dátábéèsì hàn wá, ìyẹn ibi tí a ń tọ́jú orúkọ àti ìsọfúnni àwọn èèyàn sí.

Ìwé ayé PHP 4 àti ìbẹ̀rẹ̀ PHP 5, tí ẹ bá dé orí yẹn, mysql_connect, tó ń so PHP mọ́ dátábéèsì MySQL, ni ẹ máa bá níbẹ̀, mysql_query, tó ń bi dátábéèsì náà ní ìbéèrè, á sì tẹ̀ lé e. Ní 2013, nígbà tí PHP 5.5 jáde, àwọn tó ń ṣe PHP ti kìlọ̀ pé àwọn máa yọ gbogbo ìdílé mysql_ yìí kúrò. Nígbà tí PHP 7 dé, wọ́n yọ ọ́. Ẹni tó bá wá fi XAMPP tòde òní (àkójọ ètò tó ń jẹ́ kí PHP ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ẹni) sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó tẹ kóòdù inú ìwé, ohun tó máa rí lójú rẹ̀ ni:

Call to undefined function mysql_connect()

Kò sí semicolon tó lè tún ìyẹn ṣe. Iṣẹ́ (function) tí ìwé ní ká pè ti kúrò nílé. Síbẹ̀ mo ti rí àwọn tó yọ XAMPP kúrò, tí wọ́n tún un gbé wọlé, tí wọ́n tún yọ ọ́.

Àwọn ọ̀gá kan á wá dé, wọ́n á ní kò le, kí o ṣáà fi lẹ́tà i kún un, kó di mysqli_query, ti ìdílé mysqli tuntun. Ó dáa, ẹ fi i kún un. PHP 8 á fèsì pé ohun méjì ni òun ń retí, ọ̀kan lẹ fún òun. Nínú ti àtijọ́, ìbéèrè tí a fẹ́ bi dátábéèsì ló ń ṣíwájú, ẹ sì lè má dárúkọ ìsopọ̀ rárá. Nínú ti tuntun, ìsopọ̀ gbọ́dọ̀ ṣíwájú. Ẹ yí ìyẹn náà padà, ojú ewé á ṣí, inú gbogbo èèyàn á dùn. Èmi ò tíì rí ohun tó ń dùn mọ́ wọn nínú, torí ìlà tó léwu jù ṣì wà níbẹ̀ bí ìwé ṣe kọ ọ́:

SELECT * FROM users WHERE oruko = '$oruko'

Ẹ wo kọ́mà òkè méjì yẹn dáadáa. Bí ẹnì kan bá tẹ ' OR '1'='1 sínú àpótí orúkọ, kọ́mà òkè àkọ́kọ́ tó tẹ̀ á ti èyí tí ìwé ṣí, ìyókù á sì di àṣẹ. Ọ̀kan sì bá ọ̀kan dọ́gba nígbà gbogbo, nítorí náà gbogbo orúkọ inú dátábéèsì ló máa jáde sí i. Àtúnṣe rẹ̀ ni prepared statement: a óò fi àmì ìbéèrè sí ibi tí orúkọ yẹ kó wà, a óò wá fi orúkọ gan-an ránṣẹ́ lọ́tọ̀, kó má baà di àṣẹ. Mysqli ní in, PDO, ọ̀nà mìíràn tí PHP ń gbà bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, náà ní in. Lẹ́tà i nìkan ò lè gbé e wá.

Èyí tó ń kọ̀ láti ṣiṣẹ́ tilẹ̀ ṣe wá lóore, ó pariwo. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ láìsọ̀rọ̀ ló burú. Ìwé àtijọ́ á ní kí ẹ fi md5, iṣẹ́ tó ń sọ ọ̀rọ̀ di àmì tí a ò lè kà, bo password kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀. Md5 ṣì wà nínú PHP 8, kò ní ké rárá, bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà òde òní lè dán àìmọye password wò sí i láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti 2013 ni password_hash ti wà fún iṣẹ́ yẹn. “Ṣebí ó ń ṣiṣẹ́” kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun.

Àwọn kan ní kí a kúkú wá PHP 5.6 fi sórí kọ̀ǹpútà, kó bá ìwé mu. Ìparí 2018 ni wọ́n ti dáwọ́ àtúnṣe ààbò rẹ̀ dúró. Fún ẹni tó fẹ́ ṣeré lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó lè má pa á lára. Mi ò sì ní sọ pé kí ẹ da ìwé nù: if, for, array, bí a ṣe ń kọ function, púpọ̀ nínú wọn ṣì wà bí wọ́n ṣe wà, ìwé kan tilẹ̀ lè ṣàlàyé wọn ju fídíò lọ. Bóyá ìdajì ìwé ló ṣì dáa, bóyá ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ ló kù sí. Ẹ fi phpinfo() wo ẹ̀dà PHP tí ẹ ń lò, kí ẹ fi wé ọdún inú ìwé, kí ẹ sì wa ìwé atọ́nà PHP láti php.net sílẹ̀ kí dátà má baà dà yín láàmú. Àmọ́ tí oníbàárà bá ti sanwó fún yín, tí àwọn èèyàn á máa forúkọ àti password wọn sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ má ṣe da orí dátábéèsì inú ìwé yẹn kọ. Tí ẹnì kan bá sì ti da irú rẹ̀ kọ fún yín, ẹ wá md5 àti mysqli_query nínú kóòdù rẹ̀ lónìí.